Òṣogbo Ìlú Aró: Ìtàn Odò, Ojú Irin àti Ilé-Iṣẹ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ènìyàn ni ó rí fún àdúgbò pẹ̀lú. Ní àárín gbùngbùn Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àdúgbò kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Old Garage. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé gáréèjì kan ti wà níbẹ̀ rí, àti pé gáréèjì náà ti di ti àtijọ́. Lónìí, ọgbà ìgbafẹ́ tí a fi sọrí Nelson Mandela wà ní àdúgbò náà, àwọn ọlọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣẹ́ ọba sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bi ara wọn ni èyí: kí ló dé tí ó fi jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni gáréèjì náà kọ́kọ́ wà?

Ìdáhùn kò jìnnà. Ìdíkọ̀ ojú irin wà nítòsí. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń dúró ni ọkọ̀ akẹ́rù ń wá ẹrù lọ, ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù bá pọ̀ sí ni ọjà ń tẹ̀ lé e lọ, ibi tí ọjà bá sì wà ni ilé-iṣẹ́ ń fi ìdí kalẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí ojú irin tó dé, odò ti wà. Odò Ọ̀ṣun ni ó kọ́kọ́ sọ Òṣogbo di ìlú oníṣẹ́ ọwọ́, kí irin tó sọ ọ́ di ìlú oníṣòwò, kí ìjọba tó sì fẹ́ sọ ọ́ di ìlú oní-ilé-iṣẹ́ ńláńlá.

Ìgbà mẹ́ta yìí, ìgbà aró, ìgbà ojú irin àti ìgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba, ni àròkọ yìí yóò tọpasẹ̀. Ohun tí ìtàn wọn ń kọ́ni kò ju ọ̀kan lọ: kì í ṣe bí ilé-iṣẹ́ kan ti tóbi tó ni ó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó, bí kò ṣe ibi tí ohun èlò rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ àti àṣẹ orí rẹ̀ wà.

Odò àti ìkòkò aró

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn tí ó tẹ Òṣogbo dó ti wá. Ọ̀dá omi ni ó lé wọn kúrò nílé. Ọláròóyè ni aṣáájú wọn, ọdẹ kan tí ń jẹ́ Tìmẹ́hìn ni ó sì ṣàwárí odò Ọ̀ṣun fún wọn. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó létí odò kí wọ́n lè rí àyè kọ́ ilé, igi ńlá kan wó sínú omi. Ohùn kan bá jáde láti inú odò, ó ń ké pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà ti fa orúkọ Òṣogbo yọ. Ìtàn kan náà ni ó sọ pé Ọláròóyè bá odò dá májẹ̀mú, pé ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gba ẹja tí odò fi ránṣẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọba ìlú náà ní Atáọ́ja.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ka èyí sí ìtàn ìwáṣẹ̀ lásán. Òpìtàn tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ajé wà nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìlú sọ pé wọ́n bá nínú odò wọn kì í ṣe wúrà, kì í ṣe idà, kì í sì í ṣe adé. Ìkòkò aró ni. Kí wọ́n tó kọ́ ilé kan ṣoṣo, ìtàn wọn ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú omi náà. Kò yani lẹ́nu pé ìlú aró ni a ń ki Òṣogbo títí di òní.

Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ewé èlú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A ó já ewé náà ní tútù, a ó gún un nínú odó, a ó mọ ọ́n roboto, a ó sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá eérú igi. A ó da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí a ti lu ihò sí nídìí, omi náà yóò sì máa kán sínú ìkòkò mìíràn díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yìí ni a ó rẹ èlú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì fi hàn fún ìyá aláró pé ó ti tó lò. Nígbà tí a bá yọ aṣọ jáde nínú aró, kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, afẹ́fẹ́ ni yóò sì sọ ọ́ di aláwọ̀ aró lójú ẹni. Bí aláró bá fẹ́ kí ó dúdú dáadáa, yóò tún un rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wo iye ènìyàn tí ó ń jẹun lára ìkòkò kan. Àgbẹ̀ ń gbin òwú, ìyàwó rẹ̀ ń ran òwú, ahunṣọ ń hun aṣọ, amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò, ẹni tí ń dáná ń kó eérú jọ fún títà, aláró ń rẹ aṣọ, alájàpá ń gbé e lọ sí ọjà ìlú mìíràn. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ni wọ́n sì ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà. Ìyá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá ọkọ ń kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ náà tí a ní láti fi ìwé béèrè fún láti ọ̀nà jíjìn. Èlú wà lóko, eérú wà ní ààrò, omi wà nínú odò, ìmọ̀ wà lórí, owó sì wà lápò ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Ogun sọ ìlú di ńlá

Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kọ́ ni ó sọ Òṣogbo di ìlú ńlá. Ogun náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ọ̀pọ̀ ìlú inú ọ̀dàn sì parun, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ń bọ̀ níhà gúúsù. Ní ọdún 1840 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Ọdẹ́rìnlọ́, ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo. Ìṣẹ́gun yìí dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró, wọn kò sì lè wọ inú igbó mọ́. Láti ìgbà náà ni Òṣogbo ti di ibi ààbò. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń wá síbẹ̀, wọ́n sì ń kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání. Ahunṣọ ń wá, alágbẹ̀dẹ ń wá, oníṣòwò ń wá.

Ogun mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, èyí tí a mọ̀ sí Ogun Kírìjì. Ní ọdún 1878 ni ogun Jálumi wáyé nítòsí Ìkìrun tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Ní ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó wọn ká pátápátá. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, Òṣogbo wà níbi tí ó dára jù lọ fún òwò. Ìhà kan rẹ̀ kọjú sí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ìhà kejì kọjú sí Ìbàdàn, ìhà kẹta sì kọjú sí Ìlọrin àti ilẹ̀ Hausa. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni ọkọ̀ tí yóò máa kó ẹrù.

Ojú irin dé

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ó tẹ̀ síwájú. Ó ti gba Òṣogbo kọjá kí ó tó dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní ọdún 1909. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò. Òṣogbo, tí ó wà ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí Èkó lórí irin, di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó pàtàkì lójú ọ̀nà náà.

Ojú irin kò gba Iléṣà, bẹ́ẹ̀ ni kò gba Èkìtì. Àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ni ó sì ń mú kòkó jáde. Nítorí náà, Òṣogbo ni kòkó Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì ń bá jáde sí ayé. Àwọn aláàárù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi orí rù ú wá. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò là, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé ni àwọn oníṣòwò òyìnbó, irú àwọn John Holt àti UAC tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, kọ́ ilé ìkẹ́rù wọn sí. Gáréèjì tí ó ti di Old Garage lónìí jẹ́ ọmọ ìpàdé yìí. Àwọn Hausa oníṣòwò obì àti màlúù tẹ̀dó sí Sábó. Gbàǹja ń lọ sí òkè Ọya, màlúù àti ẹ̀wà ń bọ̀ láti ibẹ̀. Aṣọ, iyọ̀, páànù àti sìmẹ́ǹtì ń ti Èkó wá.

Ilé-iṣẹ́ alẹ́rọ náà dé. Ní ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Òṣogbo láti fi dán sìgá ṣíṣe wò, òun sì ni ilé-iṣẹ́ sìgá àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìpalára tí sìgá ń ṣe fún ara kò fara sin fún ẹnikẹ́ni mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó kan ìtàn ọrọ̀ ajé ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìdánwò náà yọrí sí rere, tí àwọn olówó náà sì fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ ọ sí ní ọdún 1937. Òṣogbo ni wọ́n fi dán ọjà wò, ibòmíràn ni wọ́n ti jẹ èrè rẹ̀. Ìpinnu náà kò ti ọ̀dọ̀ Atáọ́ja wá, kò sì ti ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kankan ní ìlú wá. Ìlú òyìnbó ni ó ti wá.

Ojú irin kan náà ni ó gbé ọ̀tá aró wọ ìlú. Ní ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe. Kò pẹ́ tí irú aró bẹ́ẹ̀ fi dé ilẹ̀ Yorùbá nínú agolo. Kò nílò gígún, kò nílò sísá, kò nílò ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ìkòkò. Aṣọ funfun tí ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rọ ènìyàn lọ́rùn ju òfì lọ. Àwọn aláró Òṣogbo kò kàn káwọ́ gbera wò. Wọ́n ra aṣọ òyìnbó náà, wọ́n fi ìko dì í tàbí kí wọ́n fi ẹ̀kọ yà á, wọ́n sì rẹ ẹ́ ní àdìrẹ. Wọ́n rí i dájú pé ohun tí ó wá pa iṣẹ́ wọn di ohun èlò iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ń gbin èlú àti ẹni tí ń ran òwú pàdánù. Owó tí ń yí ká láàrin ìlú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, kò sì padà wá.

Iléṣà tí ojú irin kò dé

Ó yẹ kí a fi Òṣogbo wé aládùúgbò rẹ̀. Nǹkan bí 30 kìlómítà péré ni ó wà láàrin Òṣogbo àti Iléṣà. Ìwọ̀nba ọ̀nà yìí ni ojú irin kò rìn, ènìyàn ì bá sì rò pé Iléṣà yóò kù sẹ́yìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ọjà kò wá bá àwọn Ìjẹ̀ṣà, àwọn ni wọ́n lọ bá ọjà. Wọ́n di aṣọ lérù, wọ́n ń kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń tà á ní àwìn. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò wá, wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó. Báyìí ni wọ́n ṣe gba orúkọ Òṣómàáló.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi orúkọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé pọ̀ nínú rẹ̀. Òṣómàáló mọ ìṣirò, ó mọ ìwà oníbàárà, ó sì mọ bí a ṣe ń kó owó jọ. Owó náà padà wá sílé. Ní ọdún 1934, àwọn ọmọ ìlú náà, nínú Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀. Nínú irú àṣà ìṣòwò bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Lawrence Ọmọlé ti jáde wá, ẹni tí ó ṣíwájú nínú dídá ilé-iṣẹ́ International Breweries sílẹ̀. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1971, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà ní Iléṣà ní ọdún 1978. Bíà Trophy tirẹ̀ di ohun tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ilé-iṣẹ́ yìí náà rí ìdánwò. Ọkà báálì tí ó ń lò ń ti òkè òkun wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ohun èlò náà wọlé ní ọdún 1988, gbogbo ilé-iṣẹ́ bíà ní Nàìjíríà ní láti kọ́ bí a ti ń lo ọkà bàbà àti àgbàdo. Èyí tí ó rí ohun èlò ní àyíká rẹ̀ ni ó yè. Iléṣà wà lára àwọn tí ó yè. Àmọ́ àṣẹ orí rẹ̀ kò dúró sí ilé. Láti ọdún 2016, AB InBev, ilé-iṣẹ́ bíà tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé, ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iná ń jó níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ń gbowó níbẹ̀, ṣùgbọ́n Iléṣà nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Ìgbà irin àti ẹ̀rọ

Owó epo rọ̀bì sọ ìjọba àpapọ̀ di oní-ilé-iṣẹ́ láàrin ọdún 1970 sí 1985. Òṣogbo jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1980 ni a dá ilé-iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ tí a gbà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jinlẹ̀: ẹ̀rọ tí a ó fi máa ṣe àwọn ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó bá lè ṣe irú rẹ̀ kò ní máa ra gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí Steel Rolling bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mẹ́ta ni irú rẹ̀ tí ìjọba kọ́. Àwọn méjì yòókù wà ní Jọ́ọ̀sì àti Katsina. A kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè máa ṣe 210,000 tọ́ọ̀nù irin lọ́dún, àwọn ọ̀pá irin tí àwọn bírìkìlà fi ń gbé òpó ilé àti afárá ró. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ní ilé-ìwé iṣẹ́ ẹ̀rọ rí iṣẹ́. Àwọn tí ń ta oúnjẹ rí oníbàárà. Àwọn onílé rí ayálégbé. Ó jọ pé ìlú aró ti di ìlú irin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ilé-iṣẹ́ yìí wé ìkòkò aró. Ilé-iṣẹ́ Òṣogbo kì í yọ́ irin láti inú òkúta. Ìtì irin tí ibòmíràn ti yọ́ ni ó ń mú kanná, tí ó sì ń tẹ̀ di ọ̀pá. Ilé-iṣẹ́ irin Aládjà, nítòsí Warri, ni ó yẹ kí ó máa fún un ní ìtì irin, àti Àjàòkúta nígbà tí ó bá parí. Àjàòkúta kò parí. Aládjà fúnra rẹ̀ ń gba òkúta irin láti òkè òkun. Nígbà tí owó epo wálẹ̀, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láti ọdún 1986, Aládjà kò rí òkúta rà tó, Òṣogbo kò sì rí ìtì irin gbà. Ojú irin tí ì bá gbé ẹrù wíwúwo bẹ́ẹ̀ náà ti ń kú lọ. Owó tí a fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ń ti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ wá, bí ìjọba kò bá sì fọwọ́ sí ìwé, a kò lè tún un ṣe. Kí ìjọba tó tà á fún aládàáni ní ọdún 2005, ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ náà ti lò láìṣiṣẹ́, títà náà kò sì dá ògo rẹ̀ àtijọ́ padà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó dà bí àlọ́. Òṣogbo ni ibùdó tí a ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Iná tí omi Kàǹjì, Jẹ́bà àti Ṣìróró bá mú wá, àti èyí tí Ẹ̀gbìn bá fi gáàsì ṣe, Òṣogbo ni a ti ń ṣọ́ bí ó ti ń pín káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ẹ̀rọ iná bá dákú, tí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣókùnkùn, Òṣogbo ni a ti ń jí i dìde. Síbẹ̀, aránṣọ tó wà ní Old Garage ní láti ra jẹnẹrétọ̀ kí ó tó lè parí aṣọ oníbàárà rẹ̀. Pé nǹkan wà ní ìlú ẹni kò túmọ̀ sí pé ti ará ìlú ni.

Iṣẹ́ tí kò kú

Nínú gbogbo wàhálà yìí, èwo ni kò kú? Aró ni. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Láti inú ẹgbẹ́ yìí àti àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti àwọn mìíràn ti di olókìkí ayàwòrán káàkiri ayé. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwọn ará ìlú fún ní orúkọ Àdùnní, àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti amọlé tí ó bá a ṣiṣẹ́, tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, wọn kò sì jẹ́ kí a gé e lulẹ̀. Ní ọdún 2005, ọdún kan náà tí a ta ilé-iṣẹ́ irin, ni UNESCO ka igbó náà sí ohun ìní gbogbo ayé. Nike Davies-Okundaye, ẹni tí ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ti ń fi èlú rẹ àdìrẹ. Ọdún kan náà sì ni ilé-iṣẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba kò fi owó epo rọ̀bì kọ́ ibùdó náà. Síbẹ̀, òun ni ó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ irin dákẹ́.

Lóṣù kẹjọ ọdọọdún ni ọdún Ọ̀ṣun ń mú àlejò wá láti Bràsílì, Kúbà, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn. Ilé ìtura ń kún, aláṣọ ń tà, awakọ̀ ń rí èrò. Odò tí ó bẹ̀rẹ̀ ọrọ̀ ajé ìlú náà ṣì ni ó ń bọ́ ọ.

Odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀

Ibi tí ìtàn yìí ti kan gbogbo ènìyàn nìyí. Odò Ọ̀ṣun ṣàn láti Ìgèdé ní Èkìtì, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí ó tó dé Òṣogbo. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a sì ti ń wa á láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Ní ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan, Ṣẹ́gilọlá, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà jáde níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ọ̀pọ̀ awakùsà kéékèèké tí kò ní ìwé àṣẹ ń gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, wọ́n ń fọ iyanrìn nínú omi, àwọn kan nínú wọn sì ń lo mákúrì láti fi kó wúrà jọ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n fọ̀ kò dúró lọ́dọ̀ wọn. Ó bá omi lọ.

Odò tí omi rẹ̀ ń fi ara hàn tẹ́lẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ti ń súnmọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn baba ńlá Òṣogbo ti tọ ipasẹ̀ omi wá, nítorí pé omi mímu wọ́n wọn. Lónìí, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà ni ohun tí kò jẹ́ kí omi ṣeé mu ń tọ ipasẹ̀ odò bọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé wúrà náà wà nílé, àti pé àròkọ yìí ti sọ pé ohun èlò tí ó wà nílé ni ó dára. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun èlò nìkan kò tó. Aláró ọjọ́un mọ̀ pé bí òun bá ba odò jẹ́, òun kò ní rí omi tí òun yóò fi rẹ aṣọ lọ́la. Odò ni ó ń bọ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó bọ̀wọ̀ fún un. Awakùsà tí yóò kó wúrà rẹ̀ lọ tà níbòmíràn kò ní ìdí láti bọ̀wọ̀ fún odò tí kò ní mu nínú rẹ̀. Níbi tí èrè bá ti ń lọ, tí ìdọ̀tí nìkan sì ń dúró, ìlú ni ó ń san owó iṣẹ́ náà.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òṣogbo kò nílò láti padà sí ayé ìkòkò nìkan. Ó nílò ojú irin tí ń ṣiṣẹ́, ó nílò iná, ó nílò ẹ̀rọ. Àwọn ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń gbé àwọn ọmọ ìlú wálé lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó nígbà ọdún, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2010, fi hàn pé àwọn ènìyàn kò tíì gbàgbé ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n kí a tó tún kọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn sí ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tí ìyá aláró kan ì bá béèrè: níbo ni èlú rẹ̀ yóò ti máa wá, ta ni ó mọ iṣẹ́ náà lára àwọn ọmọ wa, ta ni yóò gba owó rẹ̀, omi tí ó bá sì ṣẹ́kù nínú ìkòkò, ibo ni a ó dà á sí?